Àìrí Oorun Sùn àti Iṣẹ́ Olùkọ́



Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní sáà tí ó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Ajah ni a fi mí sí. Yàrá kan ni mo gbà ní ẹ̀bá títì. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí oorun fi dá lójú mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀ ní agogo 10 alẹ́, n ó yí síhìn-ín, n ó yí sọ́hùn-ún. N ó wo aago ní agogo 12, n ó tún wò ó ní agogo 2. Bí oorun bá sì wá gbé mi lọ níkẹyìn, ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́, àwọn ará ilé ti ń pọn omi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti ń ṣe ìṣirò lójú pátákó, ọmọdébìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kò yé mi bí ó ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀.” Mo tún un sọ. Ó tún ní kò yé òun. Mo jágbe mọ́ ọn, mo sì ní kí ó dìde dúró títí a ó fi lu agogo ìsinmi. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde tán, mo tún wo pátákó náà: èmi ni mo ṣi ìṣirò náà ṣe. Ọmọ tí mo fi ìyà jẹ ni ó ríran. Èmi tí í ṣe olùkọ́ ni n kò ríran.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu láti kọ́ nípa oorun gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ nípa ẹ̀kọ́ mìíràn gbogbo. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni a ó rán lọ sí ìlú tí oorun ti ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí kò sì sùn kò lè kọ́ ọmọ bí ó ti tọ́.

BÍ OORUN ṢE Ń WÁ

Ohun méjì ni ó ń mú oorun wá. Ọ̀mọ̀wé Alexander Borbély ti ìlú Zurich ni ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 1982.

Èkínní ni ohun tí mo fẹ́ pè ní ebi oorun. Láti ìgbà tí a bá ti jí ni ebi yìí ti ń pa ọpọlọ díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń pọ̀ sí i títí di alẹ́. Èròjà kan tí a ń pè ní adenosine wà nínú ohun tí ó ń fà á. A máa kó jọ nínú ọpọlọ níwọ̀n ìgbà tí a bá lajú sílẹ̀, oorun ni í sì í gbá a kúrò.

Èkejì ni aago inú ara. Aago kan wà nínú ọpọlọ tí ń yí po ní nǹkan bí wákàtí 24, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ni ó sì ń bá wa tún un tò lójoojúmọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ará Amẹ́ríkà, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017, nítorí pé wọ́n fi eṣinṣin èso wádìí bí irú aago bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, aago náà a mú kí èròjà melatonin jáde, èyí tí ń sọ fún gbogbo ara pé òru ti dé.

Bí ebi oorun bá pọ̀ tó, tí aago inú ara sì lù ní àkókò rẹ̀, oorun a dé fúnra rẹ̀. Bí a bá ba ọ̀kan jẹ́ nínú méjèèjì, a ó máa retí oorun títí.

BÍ Ó TI RÍ NÍ LẸ́KKÍ ÀTI AJAH

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí mo ti ṣe iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ilẹ̀ Lẹ́kkí. Ó nà láti ìhà Victoria Island lọ sí ìlà-oòrùn. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà sì wà ní àríwá. Ọ̀nà ńlá tí ó lọ dé Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ará Ajah, Lángbàsà, Badore àti Ṣàngótẹ̀dó gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó dé ibi iṣẹ́ ní Victoria Island tàbí ní Marina. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ká òun mọ́ ojú ọ̀nà ní láti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Ní Èkó, oòrùn kì í yọ ṣáájú nǹkan bí agogo 6 ààbọ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún. Ẹni tí ó jí ní agogo 4 láti wá ọkọ̀ ti jí ní wákàtí méjì àti ààbọ̀ ṣáájú oòrùn. Àwọn oníṣègùn sọ pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa sùn fún wákàtí 7 ó kéré tán. Bí a bá yọ 7 kúrò láti agogo 4 òwúrọ̀ sẹ́yìn, agogo 9 alẹ́ ni ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti sùn lọ. Ṣùgbọ́n ní agogo 8 alẹ́, ó lè ṣì wà nínú ọkọ̀ ní Jakande, kò tí ì dé ilé, kò tí ì jẹun.

Kí ni yóò wá ṣe nínú ọkọ̀ náà? Yóò tòògbé. Mo ti rí wọn, èmi náà sì ti wà nínú wọn: orí a máa fì síwá, a máa fì sẹ́yìn, títí akọ́dà ọkọ̀ yóò fi pariwo orúkọ ibùdókọ̀. Wákàtí kan tí a fi tòògbé nínú ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ dà bí àgbàdo sísun tí ọmọdé jẹ ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ro ọkà lọ́wọ́. Nígbà tí oúnjẹ bá délẹ̀, ọmọ a ní òun kò jẹ. Bákan náà ni nígbà tí a bá dé orí ibùsùn, ebi oorun ti lọ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi àjà.

Lẹ́yìn èyí ni ti ariwo. Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ilé dé ilé. Ilé ọtí a máa lu ìlù tirẹ̀. Àwa onígbàgbọ́ pàápàá, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́, a kì í rántí aládùúgbò nígbà tí a bá kọ ẹnu gbohùngbohùn sí ìta ní ìṣọ́ òru. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1999 pé kò yẹ kí ariwo inú yàrá tí a ti ń sùn ju dẹ́síbẹ̀lì 30 lọ, èyí tí kò ju ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Fi ooru òru àti ẹ̀fọn tí ń ti inú ilẹ̀ àbàtà wá kún un, ìwọ yóò sì mọ ìdí tí oorun fi ń sá fún ènìyàn níbẹ̀.

ÀṢÌṢE TÍ Ó TÓBI JÙ

Síbẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí kọ́ ni ó burú jù. Nígbà tí mo ṣí kúrò ní ẹ̀bá títì lọ sí ilé tí ó dákẹ́, n kò rí oorun sùn síbẹ̀. Ìgbà náà ni ó hàn sí mi pé èmi fúnra mi ni mo ń lé oorun lọ.

Ẹ gbọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ oorun ní èdè wa. A kì í sọ pé a gbé oorun, a ní, “Oorun gbé mi lọ.” A ní, “Oorun ń kùn mí.” Oorun ni ó ń ṣe é, àwa ni a ń ṣe é sí. Àwọn baba wa ti mọ̀ pé oorun kì í gbọ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí oorun sùn a máa pàṣẹ. A máa di ojú pinpin, a máa sọ fún ara rẹ̀ pé, “Mo gbọ́dọ̀ sùn nísinsìnyí, nítorí agogo 4 ni n ó jí.” A wo aago, a ka iye wákàtí tí ó kù, àyà rẹ̀ a já, ọkàn rẹ̀ a máa lù kìkì. Ara tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ rò pé ewu wà nítòsí; kò sì sí ẹran tí í sùn níwájú ọdẹ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Bí èyí bá sì pẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ òru, ibùsùn fúnra rẹ̀ a di ibi ìjà lójú wa. A ó máa tòògbé lórí àga, ṣùgbọ́n bí a bá ti fi orí kan ìrọ̀rí, ojú a là kedere. Àṣà ni ara ń kọ́, bí ọmọ ilé-ìwé ti ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ohun tí a sì kọ́ ọ ni àṣìṣe ni a tún lè kọ́ ọ dáadáa.

Ọba Ahaswerusi inú Ìwé Ẹ́sítérì jẹ́ àpẹẹrẹ rere fún wa. Nígbà tí oorun kọ̀ fún un ní òru ọjọ́ kan, kò pàṣẹ fún oorun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ń jọba láti Índíà dé Etiópíà. Ó ní kí wọ́n mú ìwé ìrántí ìjọba wá, kí wọ́n sì kà á sí òun létí. Ó jọ̀wọ́ oorun, ó wá nǹkan pẹ̀lẹ́ ṣe.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ọgbọ́n tí ọba yìí lò kò jìnnà sí èyí tí Richard Bootzin, ará Amẹ́ríkà, fi kọ́ni ní ọdún 1972. Arthur Spielman fi tirẹ̀ kún un ní ọdún 1987. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, American College of Physicians, sọ pé irú ẹ̀kọ́ àtúnṣe ìwà àti èrò báyìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi tọ́jú àgbàlagbà tí àìrí oorun sùn rẹ̀ ti pẹ́, kí a tó ronú kan oògùn. Èyí ni kókó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti fi bá ìgbé ayé wa mu:

1. Mú àkókò kan fún jíjí, má sì yẹ̀ ẹ́, ìbáà ṣe ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ ìsinmi. A kò lè pàṣẹ ìgbà tí a ó sùn lọ, ṣùgbọ́n a lè pàṣẹ ìgbà tí a ó dìde. Láti òwúrọ̀ ni a ti ń tún alẹ́ ṣe. Nígbà tí oòrùn bá yọ, jáde sí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

2. Má ṣe lọ sí orí ibùsùn nítorí pé aago lù. Lọ nígbà tí oorun bá ń kùn ọ́. Àárẹ̀ yàtọ̀ sí oorun. Ara lè rọ ènìyàn kí oorun má sì sí lójú rẹ̀.

3. Bí o bá ti dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tí oorun kò wá, dìde. Má ṣe wo aago; fojú díwọ̀n rẹ̀. Lọ jókòó níbòmíràn, tan iná kékeré, ka ìwé tí kò gba ipá tàbí kí o ká aṣọ. Nígbà tí oorun bá dé, padà. Bí ó bá tún kọ̀, tún dìde. Ṣùgbọ́n àwa tí yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo ilé wa ń kọ́? Àwa tí a ń sùn sí ilé akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́? Ẹní ni mo tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo sì sọ ọ́ di ìjókòó òru mi. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí a má jà lórí ibùsùn.

4. Má ṣe kàwé ìdánwò, má ṣe jẹun, má sì ṣe wo fóònù lórí ibùsùn. Ìmọ́lẹ̀ fóònù lójú lálẹ́ a máa dá melatonin dúró. Ìròyìn inú rẹ̀ sì ń tún ọkàn jí.

5. Má ṣe fi wákàtí 9 dùbúlẹ̀ kí o lè rí 5 sùn. Bí ó bá jẹ́ pé wákàtí 6 ni o ń rí sùn, jẹ́ kí wákàtí tí o ń lò lórí ibùsùn súnmọ́ 6, kí ebi oorun lè pọ̀. Nígbà tí oorun bá ti nípọn, máa fi ìṣẹ́jú 15 kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ dín sí wákàtí 5. Awakọ̀ àti ẹni tí ó ní wárápá kò gbọdọ̀ dán èyí wò láìsí oníṣègùn.

6. Bí o bá gbọ́dọ̀ sinmi lọ́sàn-án, kí ó jẹ́ ìṣẹ́jú 20, kí ó tó di agogo 3. Nínú ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́, dìde dúró bí àyè bá wà, tàbí kí o bá ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ sọ̀rọ̀.

7. Kọ àníyàn rẹ sílẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́. Mo ní ìwé kékeré kan. Ní agogo 7, mo ń kọ iṣẹ́ ọ̀la àti ohun tí ń jẹ mí lọ́kàn sí i, pẹ̀lú ohun kan tí mo lè ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èrò náà bá tún wá ní òru, mo mọ̀ pé ó ti wà nínú ìwé.

8. Ta àwọ̀n ẹ̀fọn, ṣí fèrèsé, kí o sì dí etí bí ariwo bá pọ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ìdí fèrèsé nítorí fáànù. Èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa odindi ìdílé sójú oorun.

ÌKÌLỌ̀ FÚN ÀWA AKẸ́KỌ̀Ọ́

Ọ̀nà kan wà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe ara wa níbi. Ní ọdún 1960, Ọ̀mọ̀wé Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn kan láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa. Wọ́n ní orí ń gbóná, ojú ń ṣú, ohun tí wọ́n ń kà kò sì wọ orí mọ́. “Brain fag” ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é. Ní ọdún 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Morakinyo so àìsàn náà pọ̀ mọ́ àìsùn àti àwọn ohun amúnilajú tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò láti fi kàwé mọ́jú.

Ta ni nínú wa tí kò jẹ obì rí ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò? Èròjà caffeine tí ó wà nínú kọfí àti tíì ni ó wà nínú obì pẹ̀lú. Kì í fún ara ní okun. Ńṣe ni ó ń dí ẹnu ọ̀nà tí adenosine ń gbà sọ fún ọpọlọ pé ebi oorun ń pa á. Ó sì ń pẹ́ nínú ara: ìdajì ohun tí a jẹ ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́ lè ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní agogo 10 alẹ́. Nítorí náà, kí obì àti kọfí mọ ní ọ̀sán. Ẹ má sì gbàgbé pé ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án sí àyè rẹ̀. Ẹni tí ó kàwé mọ́jú dà bí àgbẹ̀ tí ó kórè tán tí kò kó irè wọ àká.

NÍGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A RÍ ONÍṢÈGÙN

Òru kan tàbí méjì láìsùn kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, bí àwọn tí ó sún mọ́ ọ bá sọ pé o ń han-run tí èémí rẹ sì ń dá dúró, bí ìbànújẹ́ bá wúwo lọ́kàn rẹ, tàbí bí èrò ikú bá ń wá, lọ rí oníṣègùn láìjáfara. Ilé ìwòsàn ìjọba fún àrùn ọpọlọ wà ní Yaba ní Èkó láti ọdún 1907. Ti Àrò sì wà ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1954. Kì í ṣe wèrè nìkan ni a ń tọ́jú níbẹ̀, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Má ṣe ra Valium tàbí Lexotan fúnra rẹ láti fi sùn. Bí a bá lò wọ́n pẹ́, wọ́n a máa di bárakú, oorun tí ó tẹ̀lé dídá wọn dúró a sì burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọtí náà a máa mú ni sùn kíákíá, ṣùgbọ́n a máa já oorun ní ọ̀gànjọ́.

ÌPARÍ

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀lé ìlànà wọ̀nyí le púpọ̀. Ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ń burú sí i. Mo jókòó lórí ẹní mi ní ọ̀pọ̀ òru. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jí ní òwúrọ̀ kan, n kò sì rántí ìgbà tí oorun gbé mi lọ. N kò tí ì gbà á pátápátá, òru burúkú a máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n n kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́, ẹ̀rù náà ni ó sì jẹ́ ìdajì àìsàn mi.

Kí sáà tó parí, mo pe ọmọdébìnrin náà síwájú kíláàsì. Mo sọ fún gbogbo wọn pé òun ni ó tọ̀nà ní ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ṣìnà, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ó tán, Tíṣà.” Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìwé ètò ẹ̀kọ́ ni a kọ́ wa láti máa kọ ní alẹ́ kí a tó lọ kọ́ àwọn ọmọ. Oorun pẹ̀lú wà nínú ìpalẹ̀mọ́ olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi àyè sílẹ̀ fún un.